Orin Inú Aago Mẹ́kà

Ìyáálé mi ni Àdìjátù, ìyá Ràmọ́nì. Nígbà tó wà láyé, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é, n kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wí "wọ́n, wọ́n" nínú ìtàn tó gùn báyìí, kí ẹni tó ń gbọ́ mi má lọ rò pé èrò ọjà ni mò ń sọ. Lèmọ́mù nìkan ni mo máa fi "wọ́n" fún, nítorí láwàní orí wọn. Ìyá Ràmọ́nì ti lọ sílé rẹ̀. Kí Ọlọ́run forí jì í, kó forí ji èmi náà, nítorí èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èlùbọ́ ló ń ṣe ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀bẹ ìbẹṣu ti jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ títí ó fi le bí awọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ náà lọ. Kò kàwé rárá, súrà kéékèèké mélòó kan ló mọ̀ tó fi ń kírun. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Ohùn tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di tirẹ̀. Fèrè tí awakọ̀ kan máa ń fọn tó bá ń wọ̀lú láti Ìgbòho, ó sọ ọ́ di orin ìgbéyàwó, awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì jó o. Bó bá ti ń bẹ iṣu lọ, ọ̀rọ̀ ló ń wá sí ohùn. Tí ọ̀rọ̀ ò bá bá ohùn lọ, á pa ẹnu dé bí ẹni tí inú ń bí, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ràmọ́nì, ìyẹn sì ti wà ní Kàdúná láti ìgbà tó ti jáde ìwé mẹ́fà, lẹ́tà kan lọ́dún. Ohun tó kù fún un ni ẹgbẹ́ Àṣàlátù, ẹgbẹ́ àwa obìnrin mọ́ṣáláṣí, níbi tó ti jẹ́ olórí akọrin. Tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, iṣu nìkan ló kù tí á máa bẹ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù fi bà á lẹ́rù. Ní ọdún 1982, lọ́jọ́ Màólúdì tí à ń ṣe àjọ̀dún ìbí Ànábì, ó fi ohùn àpàlà kan tó gbọ́ nínú rédíò kọ orin fún ẹgbẹ́. Orin náà wọra. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìdí nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù ò pariwo, wọn kì í pariwo. Wọ́n pè é lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní ohùn ayé ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́, wọ́n ní ẹni tó bá tún mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá ò ní la ẹnu kọrin ní mọ́ṣáláṣí náà mọ́ títí ayé. Ó dé ilé, kò jẹun. Odindi ọdún kan ni kò fi rí ohùn tuntun kankan mú, gbogbo èyí tó bá gbọ́ ló ń fura sí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ wa, Ràsáàkì Ládòkun, lọ sí Mẹ́kà. Àgbẹ̀ oníṣu ni, kò wọ bàálù rí, kò sì gbọ́ Lárúbáwá ju èyí tí a fi ń kírun lọ. Nígbà tó dé, a gba dàbínù, a gba tẹ̀sùbáà, a gba omi mímọ́ nínú ike. Lẹ́yìn náà ló mú nǹkan kan jáde nísàlẹ̀ àpótí, tó fi aṣọ funfun wé. Aago ni, ó ní ní Jídà lòun ti rà á. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú rẹ̀ jẹ́ díńgí, bọ́tìnnì mẹ́rin wà lára rẹ̀. Tó bá tẹ èyí tó wà lókè, ọkùnrin dúdú kékeré kan á yọ nínú díńgí náà, nǹkan róbótó róbótó á máa já bọ́ láti òkè, aago náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ohùn orin náà tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Á gun òkè díẹ̀díẹ̀, á yí po, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ara èèyàn á sì ti máa retí rẹ̀ kó tó dé. Tó bá ṣe díẹ̀, orin á dúró. Ọkùnrin kékeré náà á jókòó sílẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síbi orí, ohùn mẹ́ta á wá sọ̀ kalẹ̀, ìkejì rẹlẹ̀ ju ìkíní, ìkẹta rẹlẹ̀ ju ìkejì.

Ọkọ wa, tó ti di Alájì, ló là á yé wa. Ó ní ẹni tó lọ Mẹ́kà ni ọkùnrin yẹn, níbi tí wọ́n ti ń sọ òkò lu Ṣàtánì ló wà, òun náà dúró níbẹ̀. Òkò ni nǹkan róbótó yẹn. Tó bá sọ òkò tán, ó jókòó, ó ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Nínú gbogbo agboolé, òun nìkan ló dé ibẹ̀. Lẹ́yìn Àláásárì lójoojúmọ́, àwọn ará àdúgbò á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti wo ẹni tó ń lu Ṣàtánì. Bọ́tìnnì òkè yẹn nìkan ni Alájì sì ń tẹ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí aago náà kọrin, dàbínù wà lẹ́nu Ìyá Ràmọ́nì, kò sì jẹ ẹ́ mọ́. Ó ní kí Alájì tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Mo rí omi lójú rẹ̀. Ohùn tó ti ń wá láti ọdún kan ti dé, ilẹ̀ mímọ́ ló sì ti wá, Lèmọ́mù wo ló máa pè é ní ohùn ayé? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti fi ọ̀rọ̀ sí i:

Ìmọ́lẹ̀ tó là sí Mẹ́kà,
Ó tàn dé oko wa lónìí;
Ẹni rere tí Ọlọ́run rán,
Bá wa bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́.

Ibi ohùn mẹ́ta tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, tí ọkùnrin náà ti ń tọrọ àforíjì, ó fi "àmín" mẹ́ta sí i. Ó kó ogójì obìnrin jọ, ó ń kọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Màólúdì ọdún 1983 ló ń múra dè, ó ní lọ́jọ́ náà ni Lèmọ́mù máa mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Níbi ẹ̀kọ́ náà ni ìjà tèmi tirẹ̀ ti dé. Ìlà iwájú ni mo wà, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dá orin dúró, ó ní ta ló ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú oòrùn. Ó tẹ́tí, ó rìn wá síwájú mi, ó ní, "Àmọ̀kẹ́ ni. Bọ́ sẹ́yìn." Ogójì obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ọmọ mi, Àwáwù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo bọ́ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, mo ń kí i láàárọ̀ nítorí pé mo gbọ́dọ̀ kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi ò dùn sí i rárá, mo sì ń gbàdúrà kí ojú ti òun náà lójú èrò.

Ẹ má gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ sí Ọlọ́run, ó máa ń tètè gbọ́ ọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Màólúdì pé nígbà tí aago náà dákẹ́. Alájì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí ó fẹ́ gbé e dání lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àlàmísì ni, mo sì ń gbé èlùbọ́ lọ sí Ṣakí. Ó fi aṣọ funfun wé e fún mi, ó ní kí n gbé e fún Àríyọ̀, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. A mọ Àríyọ̀ dáadáa. Òun náà ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ síbi àpèjọ, àwa gan-an sì ti bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ Àìkú.

Àríyọ̀ ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó yọ bátìrì kan tó rí róbótó bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó fi òmíràn sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá ń tẹ àwọn bọ́tìnnì yòókù, tò-tò-tò, ọkùnrin kékeré náà ń sá sọ́tùn-ún sósì. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń sọ òkò lu Ṣàtánì ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wojú mi, ó rí i pé mi ò ṣeré, ó sì rọra gbé aago náà kalẹ̀.

"Ìyá Àwáwù, géèmù lèyí. Ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọsàn ló ń já bọ́ lórí igi, apẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ó fẹ́ fi gbà á. Tí mẹ́ta bá ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti nà án nìyẹn."

Mo bi í pé ohùn mẹ́ta tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ńkọ́. Ó ní wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó pàdánù ni. Ó wá ṣe é fún mi wò. Kò jẹ́ kí ọsàn kankan bọ́. Orin náà ń yára, ó ń yára, nígbà tó gba ọgọ́rùn-ún ọsàn, ó yí padà sí orin mìíràn tí etí mi ò gbọ́ rí, orin ẹni tó borí. Nílé wa kò sí ẹni tó gba ọsàn kan ṣoṣo rí, àṣé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ti yẹ̀yẹ́ nìkan la mọ̀. Mi ò sọ fún Àríyọ̀ pé a ti fi kọrin. Mo kí i, mo gba aago, mo wọ mọ́tò.

Ó yẹ kí n dé ilé kí n ké gbàjarè. Ogójì obìnrin fẹ́ lọ ṣe àmín sí yẹ̀yẹ́ níwájú Lèmọ́mù, ẹni tó sì ti gba ìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bí mọ́tò ti ń lọ, tí eruku ọyẹ́ ń wọlé, ewúrẹ́ inú oòrùn yẹn tún bọ́ sí mi lọ́kàn, inú mi sì dùn. Mo ní kó lọ. Mo ní òun náà á gbọ́ bí ẹ̀rín ogójì obìnrin ṣe máa ń dún létí.

Nígbà tí mo gbé aago fún Alájì nírọ̀lẹ́, Ìyá Ràmọ́nì wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá ará Ṣakí yẹn sọ nǹkan kan. Mo ní bátìrì ló kú, kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí títí. Ó ní kò burú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, níbi ẹ̀kọ́ ìkẹyìn, ó pe orúkọ mi. Ó ní kí n bọ́ síwájú, kí n wá dúró ti òun. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀, ohùn mi ò yí padà. Ní Àbámẹ́ta, ó ń fọ ìbòrí funfun rẹ̀, ó ń fún un, ó ń kọ orin náà lábẹ́nu, mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é, ó dáhùn, ó sì dúró dè mí, ìbòrí ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ṣé kí n bomi sí ìkòkò iṣu ni. Ó ní kí n bu ú sí i. Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ọgbà mọ́ṣáláṣí kún títí dé ojú títì, wọ́n tẹ́ ẹní, ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa là. Lèmọ́mù jókòó láàárín, àlejò wọn, Alfa Mọ́nsúrù láti Ìsẹ́yìn, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àríyọ̀ lóṣòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, wáyà yí i ká. A dìde. Ìyá Ràmọ́nì gba máìkì, ó gbé orin. Ìlà kìíní la wà tí ọwọ́ Àríyọ̀ fi dúró lórí wáyà. Ó gbé orí sókè, ó wá ojú mi láàárín ogójì obìnrin títí ó fi rí i. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi. Mo ń kọrin, òógùn ń bọ́ lára mi nínú ọyẹ́.

Àríyọ̀ ò sọ nǹkan kan, èèyàn dáadáa ni. Orin náà sì dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kò sí ohun tó dùn bẹ́ẹ̀ rí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àwọn àgbà ń nu ojú. Lèmọ́mù ń mi orí. Nígbà tí a fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ọgbà ti mọ ibi àmín, wọ́n ń bá wa ṣe é. A jókòó, mo sì mí. Mo rò pé ó ti bọ́.

Alájì wá dìde. Ó ká aṣọ sí èjìká, ó yọ aago jáde, ó tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí gbogbo mùsùlùmí mọ̀ pé orin tí wọ́n gbọ́ yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni níbí, ilẹ̀ Ànábì gan-an ló ti wá, òun ló gbé e bọ̀. Ó gba máìkì lọ́wọ́ ìyáálé mi, ó fi ti aago, ó tẹ bọ́tìnnì òkè. Ohùn ẹ̀fọn yẹn bo gbogbo ìlú. Mo ń ka ọsàn nínú ọkàn mi. Ìkíní bọ́. Ìkejì bọ́. Ìkẹta bọ́, yẹ̀yẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ látinú ẹ̀rọ, gbogbo ọgbà sì dáhùn pé, "Àmín, àmín, àmín."

Lèmọ́mù ní kí wọ́n gbé e wá kí àwọn náà rí ẹni tó ń lu Ṣàtánì. Alájì gbé aago àti máìkì lọ síwájú wọn. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n gbé aago fún àlejò wọn. Alfa Mọ́nsúrù yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, ó gba ọsàn méjì. Ó ti kàwé ní Jídà, àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń fi irú rẹ̀ ṣeré lójú ẹ̀. Ó sọ ọ́ sí Lèmọ́mù létí kó má bàa dójú ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n máìkì wà lórí ẹní níwájú wọn, ẹ̀rọ Àríyọ̀ sì gbé e fún gbogbo wa pé géèmù ọmọdé ni.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rín. Lèmọ́mù pe Àríyọ̀, wọ́n bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè purọ́ níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun sì sọ fún ẹni tó gbé e wá lọ́jọ́ Àlàmísì. Kò dárúkọ mi. Kò sì nílò kó dárúkọ, Alájì mọ ẹni tí òun rán. Ojú rẹ̀ ti ń wá mi, mo sì rí i nínú ojú náà pé ẹrù mi ti wà lórí, Àwáwù wà lẹ́yìn mi, mò ń padà lọ sílé bàbá mi ní Ìpapó.

Lèmọ́mù ní, "Ẹni tí kò mọ̀ kò ṣẹ̀. Alájì ò mọ̀. Ẹgbẹ́ ò mọ̀. Ẹni tó ti mọ̀ láti Àlàmísì, tó jẹ́ ká wá ṣe àmín sí yẹ̀yẹ́, kó dìde."

Mo fẹ́ dìde. Mo fi Ọlọ́run búra, mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n mo ṣì jókòó. Ìyá Ràmọ́nì ló dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Èmi ni, Bàbá. Àmọ̀kẹ́ sọ fún mi láti Àlàmísì. Èmi ni mo ní ká kọ ọ́, torí ohùn náà dùn mọ́ mi."

Ká ní ó dákẹ́ ni, ara ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ ló wà, kò sí ìyà lórí rẹ̀. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lèmọ́mù wò ó pẹ́, wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, kò yí ẹnu padà. Wọ́n ní ohun tí àwọn ti sọ lọ́dún tó kọjá ni àwọn ń sọ, kò gbọdọ̀ la ẹnu kọrin ní mọ́ṣáláṣí náà mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ gbé orin àtijọ́ kan kí àpèjọ lè máa lọ. Wọ́n gbé máìkì padà wá sí ìlà iwájú, ó gbà á, ó sì fi lé ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ lọ́wọ́. Èmi ni.

Ọjọ́ kẹta la jọ lọ sá iṣu sórí àpáta. Mo dojúbolẹ̀ fún un lórí iṣu tútù, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti ewúrẹ́, mo sọ pé inú mi dùn nínú mọ́tò. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ojú tí o gbé dé láti Ṣakí, mo mọ̀ pé o ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Mo fà ẹ́ wá síwájú lọ́jọ́ Jímọ̀ kí o lè ríbi sọ ọ́. Mo dúró dè ẹ́ ní Àbámẹ́ta."

Mo ní mo máa lọ bá Lèmọ́mù. Ó ní kí n jókòó, pé tí Alájì bá lé mi, ta ni Àwáwù máa pè ní ìyá. Mo jókòó. Mo yára jókòó jù, òun náà rí i. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá orin inú aago yẹn ní òpin mìíràn tí kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Mo ní ó ní, ẹni tó bá borí ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Mo fi ohùn ewúrẹ́ mi kọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó ní kí n tún un kọ, ó sì gbà á lẹ́nu mi, ó tún ibi tí mo ti ṣì í ṣe, bí ẹni pé òun ló lọ sí Ṣakí.

Ọdún márùn-ún ló lò lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dọọdún ní Màólúdì, ó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, ìbòrí funfun rẹ̀ mọ́, ètè rẹ̀ pa dé, èmi á dúró níwájú pẹ̀lú máìkì. Nílé, tó bá ń bẹ iṣu, orin ẹni tó borí yẹn ló ń kọ lábẹ́nu, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé. Ó ní òun ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ń dúró kí wọ́n ní kí òun wá kọ ọ́ ni. Wọn ò pè é títí ó fi kú. Ilé Lèmọ́mù ò jìnnà sí tiwa, èèyàn lè dúró ní ẹnu ọ̀nà wa kó kí wọn. Mi ò lọ bá wọn rí.